Ásíìdì àti Àrùn tí ń Gbé Inú Ilẹ̀

Àgbẹ̀ Ìkún-Àkókó tí ó gbin tòmátì tàbí ẹ̀wà lè dé oko ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan lásìkò òjò, kí ó rí i pé ọ̀gbìn tí ó dúró dáadáa ní àná ti rọ. Kì í ṣe òùngbẹ. Bí ó bá wo ìdí rẹ̀ níbi tí ó ti kan ilẹ̀, yóò rí ohun funfun bí òwú, pẹ̀lú àwọn hóró róbótó tí kò tó ọkà bàbà. Ìbátan olú ni. Ní ọdún 1892 ni Peter Henry Rolfs rí i lára tòmátì ní Florida, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà; orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sì fi pè é ní ọdún 1911: Sclerotium rolfsii.

Ásíìdì ni ohun ìjà rẹ̀. Ó ń tu èyí tí wọ́n ń pè ní oxalic sí ìdí ọ̀gbìn, ìdí náà a sì rà kí olú tó jẹ ẹ́. Hóró rẹ̀ a máa wà láàyè nínú ilẹ̀ fún ọdún mélòó kan, nítorí náà fífa èyí tí ó kú tu nìkan kò tó.

Ṣùgbọ́n ásíìdì mìíràn wà tí ń bá olú jà. Ta ni kò mọ omi ògì tí ó kan, tàbí òórùn fùfú? Àwọn kòkòrò àìfojúrí ni ó ń ṣe é nínú omi, níbi tí afẹ́fẹ́ kò sí. Ní nǹkan bí ọdún 2000, àwọn onímọ̀ ní Jàpáànù àti Họ́láńdì gbé irú iṣẹ́ yìí lọ sí oko. Wọ́n po ewé tútù tàbí eèrí mọ́ ilẹ̀, wọ́n bomi rin ín títí ó fi rin gbingbin, wọ́n sì fi ọ̀rá bò ó fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ásíìdì inú ọtí kíkan jáde lábẹ́ ọ̀rá náà, ó wọ inú ara olú, ó sì pa á. Fusarium tí ń pa tòmátì wà lára àwọn tí ó kú.

Dída ọtí kíkan sílẹ̀ lásán kò lè ṣe iṣẹ́ yìí: kòkòrò ilẹ̀ yóò jẹ ẹ́ tán kíákíá, gbòǹgbò yóò sì jóná. Bákan náà, bí wọ́n bá ṣí ọ̀rá, kí ilẹ̀ gba afẹ́fẹ́ fún ọjọ́ mélòó kan kí wọ́n tó gbin nǹkan. Ebè kékeré tí wọ́n ń tọ́ irúgbìn sí ni ó yẹ kí àgbẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀, nítorí omi àti ọ̀rá kì í ṣe ọ̀fẹ́.

Hóró olú tí wọ́n bá sin jìn kì í sábà hù. Níbi tí àpáta Àkókó kò bá sì jẹ́ kí ọkọ́ jìn, àgbàdo ni kí wọ́n gbìn síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, nítorí àrùn yìí kì í fi bẹ́ẹ̀ bá a jà.