Ẹ̀kọ́ Linux fún Ẹni tí Windows Nìkan Ti Mọ́ Lára

Gbogbo àwa tí a kọ́ ìlò kọ̀ǹpútà nínú ọgbà ilé ẹ̀kọ́ yìí, orí Windows ni a ti kọ́ ọ. A mọ ibi tí a ń tẹ̀ kí ìwé tó ṣí, a sì rò pé bí gbogbo kọ̀ǹpútà ayé ti rí nìyẹn. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀ títí mo fi wá iṣẹ́ àkọ́kọ́ mi lọ sí Ìbàdàn. Iṣẹ́ náà ni láti máa dá àwọn oníbàárà lóhùn nígbà tí kọ̀ǹpútà wọn bá daṣẹ́ sílẹ̀, kí n sì bá wọn tún un ṣe. Ọ̀gá tí ó fi ọ̀rọ̀ wá mi lẹ́nu wò béèrè bóyá mo mọ Linux. Mo ní mo ti gbọ́ orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n n kò lò ó rí. Ó ní òun yóò gbà mí fún oṣù mẹ́ta. Bí n kò bá mọ̀ ọ́n nígbà tí oṣù mẹ́ta bá pé, kí n máa bá tèmi lọ. Ohun tí mo kọ́ láàárín àkókò náà, àti àṣìṣe tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ mi, ni mo fẹ́ kọ sílẹ̀ fún ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ń bọ̀ lẹ́yìn.

Irin àti wáyà lásán ni kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀. Ètò tí ó ń darí rẹ̀, tí ó ń pín iṣẹ́ fún ẹ̀yà rẹ̀ kọ̀ọ̀kan, tí ó sì ń gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tí ó jókòó tì í, ni a ń pè ní ètò ìṣiṣẹ́. Windows jẹ́ ọ̀kan, Linux jẹ́ òmíràn. Ní ọdún 1991 ni Linus Torvalds, tí ó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Helsinki ní ilẹ̀ Finland, bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́. Ó tẹ̀lé ìlànà Unix, èyí tí Ken Thompson àti Dennis Ritchie ti bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà láti ọdún 1969. Torvalds gbé iṣẹ́ rẹ̀ sí gbangba kí ẹnikẹ́ni lè kà á, kí ó tún un ṣe, kí ó sì pín in fún ẹlòmíràn. Ìdí nìyí tí Linux fi pọ̀ ní oríṣi: Debian wà, Fedora wà, Ubuntu náà wà, èyí tí Mark Shuttleworth, ọmọ ilẹ̀ Gúúsù Áfíríkà, dá sílẹ̀ ní ọdún 2004. Ẹni tí ó ní fóònù Android lọ́wọ́ pàápàá ti ń lo Linux láìmọ̀, nítorí orí rẹ̀ ni a kọ́ Android lé.

Àwọn àgbà ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi í ríran. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni mo rí ní ọjọ́ kìíní. Ojú dúdú kan ni wọ́n gbé ka iwájú mi, kò sí àwòrán kankan níbẹ̀, àmì kékeré kan ṣoṣo ni ó ń ṣẹ́jú. Mo wá C títí, n kò rí i. Nínú Windows, dísíìkì kọ̀ọ̀kan ní lẹ́tà tirẹ̀, C tàbí D. Nínú Linux, igi kan ṣoṣo ni gbogbo nǹkan wà lórí rẹ̀, àmì / sì ni gbòǹgbò igi náà. Flash tí a bá kì bọ ẹ̀rọ náà yóò di ẹ̀ka kan lára igi yẹn. Ẹ̀ka /home ni ilé àwọn tí ń lo ẹ̀rọ náà. Ẹ̀ka /etc ni àwọn ìwé ìlànà tí ẹ̀rọ ń tẹ̀lé wà. Ẹ̀ka /var/log ni ó ń kọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí i sí, ní wákàtí tí ó ṣẹlẹ̀. Ẹ fi ẹ̀ka kẹta yìí sọ́kàn.

Lẹ́tà ńlá àti lẹ́tà kékeré kì í ṣe ọ̀kan náà nínú Linux. Fáìlì tí ó ń jẹ́ Owo àti èyí tí ó ń jẹ́ owo, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Kò yẹ kí èyí ya àwa tí a mọ̀ pé àmì ohùn ni ó ya ọkọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára ọkọ̀ lẹ́nu. Olùkọ́ Yorùbá wa máa ń dín máàkì wa kù bí a bá gbàgbé àmì; Linux kì í dín máàkì, á kàn ní òun kò rí ohun tí a ń wí.

Ọ̀nà tí mo kọ́kọ́ gbà kọ́ ọ kò dára. Mo kọ àwọn àṣẹ rẹ̀ sínú ìwé, mo sì ń há wọn sórí bí a ti ń há ìsọdipúpọ̀ sórí ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀: pwd ń sọ ibi tí a wà, ls ń to ohun tí ó wà níbẹ̀, cd ń gbé wa lọ sí ibòmíràn. Ẹ̀gbọ́n kan tí a jọ jókòó ní kí n pa ìwé náà dé. Ó tẹ man ls, àlàyé àṣẹ ls sì jáde lẹ́kùn-ún-rẹ́rẹ́. Inú ẹ̀rọ náà ni ìwé ìtọ́nisọ́nà wà; ẹni tí ó bá mọ bí a ti ń kà á kò ní láti há ohun púpọ̀ sórí. Kò kúkú sọ fún mi pé lẹ́tà q ni a ń tẹ̀ láti jáde níbẹ̀, nítorí náà ó pẹ́ díẹ̀ kí n tó bọ́.

Mo ní láti kìlọ̀ nípa àṣẹ méjì kí n tó máa bá ìtàn mi lọ. Sudo ń yá ènìyàn ní agbára alákòóso ẹ̀rọ. Rm ń pa fáìlì rẹ́, kò sì ní apẹ̀rẹ̀ tí a ti lè ṣa ohun tí a sọ nù padà bíi ti Windows. Bí a bá so méjèèjì pọ̀, ẹ̀rọ náà kì í sábà bi wá pé ṣé ó dá wa lójú.

Ní oṣù kejì, ilé ìtajà oògùn kan pè wá pé kọ̀ǹpútà àwọn kò gba àkọsílẹ̀ ọjà mọ́, àwọn oníbàárà sì ti tò dé ẹnu ọ̀nà. Èmi nìkan ni mo wà ní ìjókòó. Mo tẹ df -h láti wo bí àyè ti ṣẹ́ kù sí lórí dísíìkì: 100% ni ó ti kún. Mo fi du wá ibi tí ẹrù náà wà, mo sì rí fáìlì kan ṣoṣo ní /var/log tí ó tó gígábáìtì 38. Inú mi dùn. Mo fi sudo àti rm pa á rẹ́. Mo tún tẹ df -h: 100% náà ni.

Àyà mi já. Ẹ̀gbọ́n wa dé, ó sì là mí lóye. Nínú Linux, ọ̀tọ̀ ni orúkọ fáìlì, ọ̀tọ̀ ni ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Orúkọ ni rm ń yọ kúrò. Bí ètò kan bá ṣì di fáìlì náà mú, ohun inú rẹ̀ kò ní kúrò lórí dísíìkì títí ètò náà yóò fi jọ̀wọ́ rẹ̀. Ó tẹ lsof, a rí ètò ìtajà tí ó dì í mú, ó dá ètò náà dúró, ó sì tún un gbé dìde. Àyè ṣí sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀, wọ́n sì ń bá ọjà wọn lọ.

Lẹ́yìn náà ni ó bi mí pé, "Kí ni ó wà nínú rẹ̀?"

N kò mọ̀. Mo ti pa gígábáìtì 38 rẹ́ láìka ìlà kan nínú rẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ẹni tí ó ni ilé ìtajà náà pe ọ̀gá wa fúnra rẹ̀ pé ohun tí ọmọ yín tún ṣe lánàá tún ti ń fa ẹsẹ̀. Fáìlì tuntun ti wú dé gígábáìtì 2. Lọ́tẹ̀ yìí a fi tail ka ìparí rẹ̀. Gbólóhùn kan náà ni ó ń tún ara rẹ̀ kọ láìdáwọ́ dúró: ètò náà ń wá ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan tí wọ́n ti gbé kúrò ní ilé ìtajà náà, kò rí i, ó sì ń kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun kò rí i. A yọ orúkọ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé náà kúrò nínú ìwé ìlànà tí ó wà ní /etc, ariwo náà sì dákẹ́. A tún fi fáìlì náà sábẹ́ logrotate, tí ń ká àkọsílẹ̀ àtijọ́ nílẹ̀ kí ó má baà kún dísíìkì. Kò gbà wá tó ogún ìṣẹ́jú. Ọ̀gá ní kí n kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, kí n má sì fi apá tèmi pamọ́ nínú rẹ̀. Mo kọ ọ́, wọn kò sì lé mi.

Iṣẹ́ àṣetiléwá kan rèé fún ẹni tí ó bá fẹ́. Ọ̀fẹ́ ni Ubuntu. Ẹ lè fi sórí flash, kí ẹ sì ti orí rẹ̀ tan kọ̀ǹpútà. Bí ẹ bá yan pé ẹ kàn fẹ́ dán an wò, kò ní fọwọ́ kan Windows tí ó wà nínú ẹ̀rọ náà. Ẹ gba ìyọ̀ǹda olùkọ́ kí ẹ tó dán an wò ní yàrá kọ̀ǹpútà. Bí ó bá ti tàn, ẹ ṣí terminal, ẹ ki flash mìíràn bọ̀ ọ́, kí ẹ wá tẹ sudo journalctl -b. Ẹ tẹ G, lẹ́tà ńlá, láti dé ìsàlẹ̀. Ẹ wá ìlà tí ẹ̀rọ náà ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé a ki flash bọ òun, kí ẹ sì kọ wákàtí tí ó wà níwájú rẹ̀ sínú ìwé yín.