Oògùn Ìrora fún Ẹni tí Egungun Rẹ̀ Kán

Ẹ̀kọ́ wa fún oṣù mẹ́ta yìí kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni ní agbègbè Odígbó. Ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Benin gba Ọ̀rẹ̀ kọjá, ọkadà kún ìgboro, àwọn ọkùnrin wa ń gun ọ̀pẹ, àwa obìnrin náà sì ń yọ̀ ṣubú ní balùwẹ̀. Ilé wo ni ẹnìkan kò ti kán lápá tàbí lẹ́sẹ̀ rí? Bí ó bá sì ṣẹlẹ̀, ọwọ́ ìyàwó, ìyá tàbí ọmọbìnrin ilé ni oògùn aláìsàn máa ń wà.

Oògùn ìrora kì í to egungun. Dókítà ni yóò ya X-ray, tí yóò to egungun náà bọ̀ sípò, tí yóò sì fi POP dè é. Dídè yẹn gan-an ni olórí oògùn ìrora, nítorí egungun tí kò mì kì í dunni tó èyí tó ń gbo ara wọn. Kí ẹ gbé ẹsẹ̀ tàbí apá náà lé ìrọ̀rí kí ó ga ju àyà lọ, wíwú rẹ̀ yóò dín kù. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní àti ìkejì, ẹ fi aṣọ wé omi inú ọ̀rá tó tutù dáadáa, ẹ gbé e lé ojú ibẹ̀ fún nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú. Omi gbígbóná, róòbù, àbóníkí àti fífọwọ́ ra ibi tó kán, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi wọ́n sílẹ̀.

Àwọn àgbà kan ń sọ pé kí aláìsàn fara dà á, pé oògùn ìrora kì í jẹ́ kí egungun tètè so. Paracetamol kò dí egungun lọ́wọ́ rárá. Ti ibuprofen àti diclofenac ni àwọn dókítà kan ń ṣọ́ra fún bí a bá lò ó pẹ́. Ṣùgbọ́n ìyá àgbà tí ìrora kò jẹ́ kí ó yí ara padà lórí bẹ́ẹ̀dì, tí kò lè mí kanlẹ̀, tí kò lè wúkọ́, òtútù àyà àti egbò ìdùbúlẹ̀ ló ń bọ̀ wá bá a. Ọ̀pọ̀ ìgbà, kì í ṣe itan tó kán ló ń pa arúgbó bí kò ṣe ohun tó tẹ̀lé e.

Nítorí náà, kí a má dúró títí aláìsàn yóò fi ké kí a tó fún un ní oògùn. Ìrora tó ti gbilẹ̀ ṣòro láti rọ̀. Ní ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́, aago ni kí a máa wò. Àgbàlagbà lè lo ẹyọ méjì paracetamol oní-miligíráàmù 500 ní wákàtí mẹ́fà mẹ́fà: aago mẹ́fà àárọ̀, méjìlá ọ̀sán, mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, méjìlá òru. Ẹyọ mẹ́jọ nìyẹn láàárín wákàtí 24. Kò gbọdọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ẹ̀dọ̀ ni àpọ̀jù rẹ̀ ń bàjẹ́, kì í sì í fara hàn lọ́jọ́ kan náà. Ẹni tó rù gan-an, ẹni tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ kò dá ṣáṣá àti ẹni tó ń mu ọtí gbọ́dọ̀ bi dókítà, nítorí tiwọn lè ní láti dín. Ti ọmọdé, bí ó ṣe wúwo tó ni a fi ń díwọ̀n rẹ̀.

Ẹ wá ìwé ọmọ ilé ìwé kan, ẹ fa ìlà sí i: orúkọ oògùn, iye, aago. (Tíṣà kì í fẹ̀yìn tì kúrò nídìí ìlà fífà.) Bí ọmọ bá fún ìyá ní oògùn láàárọ̀, tí àbúrò náà tún dé tó fún un, ìwé yẹn ni yóò sọ̀rọ̀.

Yóò tún tú àṣírí oògùn tó ń yí orúkọ padà. Panadol, paracetamol ni. Púpọ̀ nínú oògùn ọ̀fìnkìn ní paracetamol nínú. Alabukun tí Jacob Odulate bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní Abẹ́òkúta ní 1918, tí gbogbo wa bá nílé, aspirin àti caffeine ni. Ọmọ ìyá kan náà ni aspirin, ibuprofen àti diclofenac. Kí a má lo méjì pọ̀, kí a sì jẹun kí a tó lò ó. Ẹni tó ní ọgbẹ́ inú, àrùn kíndìnrín, ikọ́ fée tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru, àti aboyún, kí wọ́n má ṣe fọwọ́ kàn án láìbi dókítà. A kì í fún ọmọdé ní aspirin. Bí ìgbẹ́ bá dúdú bí ọ̀dà, ẹ̀jẹ̀ lè máa dà nínú. Oògùn àdàlù inú ọ̀rá tí wọ́n ń kiri ní gáréèjì ńkọ́? Ta ló mọ ohun tó wà nínú rẹ̀?

Bí ìrora bá ju agbára paracetamol lọ, dókítà lè kọ tramadol. Kì í ṣe oògùn burúkú. Àwọn tó ń ṣì í lò ló bà á lórúkọ jẹ́. Ní 2018, ìjọba àpapọ̀ fòfin de ṣíṣe àti kíkó omi ikọ́ oní-codeine wọlé, wọ́n sì le koko mọ́ tramadol náà. Oní-miligíráàmù 50 àti 100 ni NAFDAC fọwọ́ sí. Èyí tí wọ́n kọ 225 sí, fàyàwọ́ ni. Ó ń fa òòyì, èébì àti ìgbẹ́ gbígbẹ, nítorí náà kí ẹnìkan di ìyá àgbà mú bí ó bá ń lọ sílé ìyàgbẹ́, kí ó má baà tún ṣubú. Kò gbọdọ̀ bá ọtí tàbí oògùn oorun pàdé. Ẹni tó ní wárápá gbọ́dọ̀ sọ fún dókítà. Ẹ tì í mọ́ àpótí, kí ẹ sì máa ka ẹyọ rẹ̀, torí àwọn ọ̀dọ́ ń wá a.

Ìrora kan wà tí oògùn kò gbọdọ̀ bò mọ́lẹ̀. A mọ̀ pé ọ̀pọ̀ yín ni yóò gbé aláìsàn lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń to egungun nílé. Wọ́n ti ń ṣe é kí ilé ìwòsàn egungun Ìgbóbì tó bẹ̀rẹ̀ ní 1945, owó wọn sì rọ̀. Àmọ́ ọ̀pọ̀ ẹsẹ̀ ni wọ́n ti gé ní orílẹ̀-èdè yìí nítorí pákó tí wọ́n dì pinpin. Bí ìrora bá ń le sí i lẹ́yìn oògùn, tí ọmọ ìka bá kú tipiri, tó tutù, tó yí àwọ̀ padà, tàbí tí aláìsàn bá ké nígbà tí ẹ bá na ọmọ ìka rẹ̀ díẹ̀, ẹ̀jẹ̀ kò ráyè kọjá nìyẹn. Ẹ má fi tramadol kún un. Ẹ tú pákó àti aṣọ náà, ẹ má gbé ẹsẹ̀ náà ga ju àyà lọ mọ́. Bí ó bá jẹ́ POP, ilé ìwòsàn ni yóò là á. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba ní Ọ̀rẹ̀, tàbí ibi ìtọ́jú àwọn tó farapa ní ìlú Oǹdó, ní òru náà gan-an, nítorí láàárín wákàtí díẹ̀ ni ẹran ara tí ẹ̀jẹ̀ kò dé ti ń kú.