Onígbáméjì àti Oògùn Ilé: Àbá lórí Ọ̀rọ̀-Ìperí fún Ìtọ́jú Aláìsàn ní Àsìkò Àjàkálẹ̀ Àrùn

1. Ìfáárà

Ṣàṣà ni ilé Yorùbá tí kò ní oògùn tirẹ̀ fún inú rírun àti ìgbẹ́ gbuuru. Bí àjàkálẹ̀ àrùn bá wọ ìlú, oògùn ilé yìí ni ọwọ́ ń kọ́kọ́ tó, nítorí pé òun ni ó wà nítòsí, òun ni apá sì ká. Kò yẹ kí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì fi èyí ṣe ẹlẹ́yà. Ohun tí ó yẹ kí ó bèèrè ni pé: iṣẹ́ wo gan-an ni oògùn náà ń ṣe? Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, oògùn, ni a ń lò fún oríṣiríṣi iṣẹ́ tí kò jọra. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a ó fi àrùn onígbáméjì ṣe àpẹẹrẹ láti fi hàn pé àìya àwọn iṣẹ́ wọ̀nyí sọ́tọ̀ lè gba ẹ̀mí ènìyàn. A ó sì dábàá ọ̀rọ̀-ìperí mẹ́rin tí a lè fi yà wọ́n sọ́tọ̀.

2. Ohun tí orúkọ àrùn náà ń kọ́ wa

Àjàkálẹ̀ onígbáméjì tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Indonéṣíà ní ọdún 1961 dé ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ní ọdún 1970, ó sì wọ Nàìjíríà kí ọdún náà tó parí. Láti ìgbà náà ni ó ti ń lọ tí ó ń bọ̀. Ní ọdún 1991, àwọn tí ó pa ní Nàìjíríà lé ní 7,000. Ní ọdún 2021, wọ́n lé ní 3,500.

Àwọn tí wọ́n sọ àrùn náà ní onígbáméjì fi ojú inú wò ó. Igbá kan wà fún èébì, èkejì wà fún ìgbẹ́. Orúkọ náà kò sọ ohun tí ó fa àrùn. Ohun tí ń jáde lára aláìsàn ni ó sọ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni sáyẹ́ǹsì rí i. Bakitéríà tí à ń pè ní Vibrio cholerae a máa bá omi tàbí oúnjẹ tí ìgbẹ́ ti kàn wọ inú. Bí ó bá dé ìfun kékeré, a tú májèlé kan jáde, májèlé náà a sì mú kí ògiri ìfun máa da omi àti iyọ̀ ara sínú ìfun. Àgbàlagbà lè pàdánù tó lítà 1 láàárín wákàtí kan. Àìsí omi àti iyọ̀ wọ̀nyí ni ó ń pa aláìsàn. Bí àrùn náà bá le tí a kò sì tọ́jú rẹ̀, ó lè pa ìdajì àwọn tí ó mú. Bí a bá dá omi ara padà ní àsìkò, àwọn tí ń kú kì í pé ẹnì kan nínú 100. Nítorí náà, ohun tí ó wà nínú igbá méjèèjì ni òṣùwọ̀n ohun tí a gbọ́dọ̀ dá padà.

3. Iṣẹ́ mẹ́rin lábẹ́ orúkọ kan

Bí a bá yẹ oògùn ilé wò, ìsọ̀rí mẹ́rin ni a lè pín in sí:

(a) Adènà-àrùn: ohun tí kì í jẹ́ kí àrùn wọ ara. Omi sísè àti ọṣẹ tí a fi ń fọ ọwọ́ wà nínú ìsọ̀rí yìí.

(b) Apakòkòrò: ohun tí ń pa kòkòrò àrùn. Ìwádìí ti fi hàn pé èròjà inú ewé èfìrín lè pa oríṣi bakitéríà kan nínú àwo ìwádìí. Ṣùgbọ́n inú àwo yàtọ̀ sí inú ìfun ẹni tí omi ń ya lára rẹ̀. Kódà, oògùn apakòkòrò tí dókítà ń fún aláìsàn onígbáméjì kò ju igbákejì lọ.

(d) Amáratuni: ohun tí ń dín inú rírun tàbí ìgbẹ́ kù. Ìdí nìyí tí a fi ń se ewé gúáfà mu. Ara lè tu aláìsàn, ṣùgbọ́n omi tí ó ti lọ kò tíì padà.

(e) Adáomipadà: ohun tí ń dá omi àti iyọ̀ padà sí ara. A ṣẹ̀dá rẹ̀ láti inú ‘a-’ àti ‘dá omi padà’. A kò pa ìró kankan jẹ nínú rẹ̀, kí ìtumọ̀ rẹ̀ má baà farasin fún ẹni tí ó bá kọ́kọ́ gbọ́ ọ.

4. Bí adáomipadà ṣe ń ṣiṣẹ́

Májèlé onígbáméjì kò di gbogbo ọ̀nà inú ìfun. Ọ̀nà kan ṣẹ́kù tí iyọ̀ àti ṣúgà jọ ń gbà wọ inú ara. Bí wọ́n bá ti ń wọlé, omi a tẹ̀lé wọn. Ní ọdún 1971, nígbà tí onígbáméjì bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwọn tí ogun Bangladesh lé wá sí Bangaon ní Íńdíà, omi tí a ń fà sí iṣan tán lọ́wọ́ Dókítà Dilip Mahalanabis. Ó pín omi oníyọ̀ àti ṣúgà fún àwọn ẹbí aláìsàn kí wọ́n máa fún wọn mu. Iye àwọn tí ń kú, tí ó ti tó 30 nínú 100, wálẹ̀ sí bíi 4.

Bí kò bá sí èyí tí a ti dì sínú ọ̀rá ní ilé ìwòsàn, a lè pò ó nílé: omi mímọ́ lítà 1, ṣúgà ṣíbí tíì 6 tí orí rẹ̀ tẹ́jú, àti iyọ̀ ìdajì ṣíbí tíì. Bí ṣúgà bá pọ̀ jù, yóò tún fa omi sínú ìfun. Bí iyọ̀ bá pọ̀ jù, yóò pa aláìsàn lára. Sítáṣì inú omi ìrẹsì àti ẹ̀kọ mímu náà a máa di ṣúgà nínú ìfun. Nítorí náà, ẹ̀kọ mímu tí a fi iyọ̀ díẹ̀ sí wà lára ohun tí a lè fún aláìsàn. Adáomipadà kì í ṣe àlejò nílé wa. Orúkọ ni kò ní.

5. Ewu tí ó wà nínú àìya iṣẹ́ sọ́tọ̀

Bí a bá pe omi oníyọ̀ àti ṣúgà ní ‘oògùn ìgbẹ́ gbuuru’, ìyá ọmọ yóò retí pé kí ìgbẹ́ dá. Bí kò bá dá, yóò ní oògùn náà kò jẹ́, yóò dà á nù, yóò sì wá òmíràn. Àwọn mìíràn a máa fi omi du aláìsàn, nítorí wọ́n rò pé omi ni ó ń di ìgbẹ́. Àwọn kan tilẹ̀ ń fún un ní àgbo tí ń wẹ inú, èyí tí yóò tún kún igbá kejì. Àgbo tútù tí a fi omi kànga rẹ, tí a kò sè, lè gbé kòkòrò àrùn náà gan-an wọ inú.

Àsìlò lè wáyé ní ọ̀nà mìíràn pẹ̀lú. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2014, lẹ́yìn tí àrùn Ebola ti wọ Nàìjíríà, ìròyìn òfegè kan tàn kálẹ̀ pé mímu omi iyọ̀ ń dènà rẹ̀. Ìwé ìròyìn gbé e pé ó kéré tán ènìyàn méjì kú nítorí rẹ̀. Iyọ̀ tí ó jẹ́ ara adáomipadà nínú àrùn kan, tí a sì wọ̀n, ni a sọ di adènà-àrùn nínú òmíràn láìwọ̀n.

6. Ìgúnlẹ̀

A kò sọ pé kí a kó àgbo dànù. Ohun tí a ń sọ ni pé kí a mọ iṣẹ́ tí ohun kọ̀ọ̀kan ń ṣe, kí a má sì fi amáratuni rọ́pò adáomipadà. Bí aláìsàn kò bá lè mu mọ́, bí ojú rẹ̀ bá jìn wọnú, tàbí tí kò tọ̀ mọ́, ilé ìwòsàn ló kàn, kíákíá. Bí ó bá sì lè gbé e mì, kí a máa fún un mu lójú ọ̀nà.

A rọ àwọn tí ń kọ ìkéde fún rédíò àti àwọn tí ń kọ́ni ní ilé ìwòsàn pé kí wọ́n dán ọ̀rọ̀ mẹ́rin yìí wò. Kí wọ́n sì fi gbólóhùn yìí ṣáájú: adáomipadà kì í dá ìgbẹ́ dúró, omi ara ni ó ń dá padà, bí igbá bá ṣe ń kún, bẹ́ẹ̀ ni kí ife aláìsàn máa kún.