Orúkọ Tí Wọ́n Fún Àwọn Ogiek

Inú nọ́ọ̀tì mi ní kíláàsì ẹ̀dá-èdè ni mo ti kọ́kọ́ pàdé àwọn ará igbó Mau ní Kẹ́ńyà: “Dorobo” ni mo kọ. Ọ̀rọ̀ Maasai ni, tálákà tí kò ní màlúù. Ogiek ni wọ́n ń pe ara wọn. Oyin sì ni ọrọ̀ tiwọn! Igi tí wọ́n gbẹ́ inú rẹ̀ ni wọ́n ń gbé kọ́ sókè fún oyin.

Ní 2009, ìjọba ní kí wọ́n kó kúrò láàárín ọgbọ̀n ọjọ́, nítorí ààbò igbó. Ní 2017, Ilé-ẹjọ́ Áfíríkà lórí Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn dá wọn láre: àṣẹ gígé igi tí ìjọba fúnra rẹ̀ fọwọ́ sí wà lára ohun tó ba igbó náà jẹ́. Síbẹ̀, ní oṣù kọkànlá 2023, wọ́n tún wó ilé wọn. Mo ti pa “Dorobo” rẹ́ nínú nọ́ọ̀tì mi.