Ẹ̀KỌ́ LÓRÍ ẸJA PÍPA: Ìdẹ Ìyẹ́ Adìẹ fún Ẹja Tí Ń Pa Ẹja Jẹ

Inú adágún ẹja wa ni ọ̀rọ̀ òní ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí a ka ọmọ ẹ̀pìyà àti ọmọ àrọ̀ inú adágún kejì, iye wọn dín púpọ̀ sí èyí tí a dà sínú rẹ̀. Ẹyẹ kó nínú wọn, a mọ̀. Ṣùgbọ́n ọrùn àwa àgbàlagbà náà kò mọ́. A máa ń bu ọmọ ẹja lọ sí etí omi Kainji láti fi ṣe ìdẹ fún ẹja ńlá tí àwọn Haúsá ń pè ní giwan ruwa, ìyẹn erin omi, àti fún ẹja eléyín gígùn tí òyìnbó ń pè ní tiger fish. Ọmọ ẹja mẹ́wàá lè bọ́ sọ́nù kí ẹyọ ẹja kan tó gbé ìwọ̀ mì. Ohun tí ó yẹ kí a tà lọ́dún tí ń bọ̀ ni a ń sọ sódò yẹn.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a kọ́ bí a ṣe ń ṣe ìdẹ tí kò ní ẹ̀mí, tí ó ń léfòó, tí a sì lè lò lọ́pọ̀ ìgbà. Láti ìgbà tí wọ́n ti parí ìdídò Kainji ní 1968 ni àwọn ẹja wẹ́wẹ́ funfun, tí kò gùn ju ìka ọwọ́ lọ, ti pọ̀ sí i nínú omi náà. Àwọn ni ẹja ńlá ń lé wá sókè. Bí ẹ bá rí i tí ojú omi ń hó bí ìkòkò, tí ẹyẹ sì ń já wálẹ̀ síbẹ̀, àwọn ni wọ́n ń jẹ. Ìdẹ wa ní láti jọ wọ́n.

Ẹja eléyín yìí ń fi ojú ṣọdẹ ni, ìdẹ ojú omi kò sì wúlò nínú omi ẹlẹ́rẹ̀. Omi Odò Ọya tí ń kún nígbà òjò máa ń pọ́n. Èyí tí ń bọ̀ láti Mali ti sọ erùpẹ̀ rẹ̀ sínú àbàtà ńlá ibẹ̀ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa láàrin oṣù Kejìlá sí oṣù Kẹta. Òun ni wọ́n ń pè ní omi dúdú, ṣùgbọ́n ó mọ́ ju ti òjò lọ. Ìgbà yẹn gan-an ni iṣẹ́ oko dín kù.

Ẹ mú bíírò tí ó ti tán, ẹ yọ ọ̀pá tàdáwà oníke inú rẹ̀, ẹ gé e ní íǹṣì kan àtààbọ̀. Ẹ fi kẹrosíìnì fọ inú rẹ̀ kí ó mọ́. Ẹ gbé ẹnu kan súnmọ́ iná àbẹ́là kí ó rọ̀ kí ó sì yọ etí díẹ̀, kí òwú má baà yọ̀ kúrò. Ẹ má tì í bọ iná, yóò dí. Ẹ wá gé rọ́bà sílípáàsì àlòkù ní róbótó, kí ó tó orí ìka àtàǹpàkò (sílípáàsì tiyín ni kí ẹ gé o, ìjà ti ṣẹlẹ̀ nínú ilé kan). Ẹ fi ìṣó gbígbóná lu ihò sí àárín rẹ̀, ẹ ki ọ̀pá náà bọ̀ ọ́ láti ẹnu kejì, ẹ fi gọ́ọ̀mù mú un. Ojú rọ́bà tí ó kọjú síwájú ní láti tẹ́jú, nítorí òun ni yóò máa gbá omi.

Lẹ́yìn rọ́bà yìí ni kí ẹ ti fi òwú di irun funfun òbúkọ yí ọ̀pá náà ká, kí gbogbo rẹ̀ gùn tó íǹṣì mẹ́ta. Ẹ fi ìyẹ́ ìrù àkùkọ méjì sí i, àti ọ̀rá dídán tí wọ́n fi ń di mílíìkì, tí ẹ gé ní tín-ín-rín. Díẹ̀ ni kí irun jẹ́. Tiwa àkọ́kọ́ kún bí ìgbálẹ̀, ó sì rì. Ẹ fa òwú le dáadáa, kí ẹ fi ọ̀dà èékánná tí àwọn obìnrin ń lò kùn ún.

Ẹ kò so ìwọ̀ mọ́ ìdẹ yìí rárá, ibẹ̀ ni ọgbọ́n rẹ̀ wà. Inú ọ̀pá ni okùn gbà kọjá, ìwọ̀ sì wà ní ìdí rẹ̀. Ẹ ki rọ́bà fáàfù kẹ̀kẹ́ mọ́ ẹnu ẹ̀yìn ọ̀pá náà, kí ó di ojú ìwọ̀ mú. Bí ẹja bá gbé e, ìwọ̀ yóò bọ́ kúrò nínú rọ́bà, ìdẹ yóò sì sún lọ sókè lójú okùn, kúrò lẹ́nu eyín. Bí ìwọ̀ bá kú, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ìdẹ ṣì wà. Ìwọ̀ ẹlẹ́nu kan ni kí ẹ lò, kí ẹ sì fi fáìlì pọ́n ọn, nítorí egungun ni inú ẹnu ẹja yìí.

Ohun tí ó gbọ́dọ̀ wà nínú ọ̀pá náà ni wáyà, kì í ṣe okùn lásán. Ẹsẹ̀ bàtà kan fọ́nrán wáyà bíréèkì kẹ̀kẹ́ tó. A kò fi sí i lọ́jọ́ àkọ́kọ́, okùn sì já bí ẹni fi abẹ gé e. Ìdẹ tí a fi ìrọ̀lẹ́ odidi ṣe bá ẹja lọ.

Ìdẹ yìí fúyẹ́, kò ṣeé jù lásán. Ẹ so ike kékeré tí omi kún dé ààbọ̀ mọ́ okùn, ní ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún ṣáájú ìdẹ, kí ẹ sì ju òun. Ẹ fà á lẹ́ẹ̀kan kí omi dún, ẹ dúró díẹ̀, ẹ tún fà á. Ìgbà tí ó bá dúró ni ẹja sábà máa ń gbé e.

Ẹ má wé okùn mọ́ ọwọ́. Giwan ruwa lè tó 200 kìlógíráàmù, ọkọ̀ ojú omi wa kò sì tóbi. Ẹ má fi ìka yọ ìwọ̀ lẹ́nu ẹja eléyín, ẹ̀mú ni kí ẹ lò. Kí ẹnikẹ́ni tó ju ìwọ̀ sómi, kí ó kọ́kọ́ kí Sarkin Ruwa, olórí àwọn apẹja ibẹ̀, nítorí àlejò ni a jẹ́ ní etí omi yìí. Ẹni tí ó bá fẹ́ rí bí a ṣe ń di irun òbúkọ náà, kí ó mú bíírò àti òwú wá sí ìpàdé wa.