CV Olójú Ìwé Márùn-ún

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sìnrú ìlú tán ní Àbújá. CV mi gba ojú ìwé márùn-ún, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó pè mí. Kí ni kí n yọ?

Ìdáhùn: Àbúrò, ojú ìwé méjì ti tó. Yọ ẹ̀sìn àti ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ lò ń wá, má yọ ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ rẹ: àjọ Federal Character Commission ló ń mójú tó o kí iṣẹ́ ìjọba lè kárí ìpínlẹ̀ 36 àti Àbújá. Iléeṣẹ́ aládàáni kò wá ìyẹn. Ohun tí o ti ṣe ni wọ́n fẹ́ kà. “Òṣìṣẹ́ takuntakun ni mí” kò sọ nǹkan kan. Ta ni yóò pe ara rẹ̀ ní ọ̀lẹ? Kọ iṣẹ́ tí o ṣe gan-an nígbà ìsìnrú ìlú, iye èèyàn tí o kọ́ bó bá jẹ́ iṣẹ́ olùkọ́ lo ṣe, àti àbájáde rẹ̀. Kí orúkọ rẹ sì bá ti ìwé ẹ̀rí ìsìnrú ìlú (NYSC) mu láìyẹ̀ lẹ́tà kan.