Àkànní, Kí Ni Òpó Rọ́bà Ṣe Fún Ọ?

Àkànní ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, mo gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Ariwo yẹn mà pọ̀ o! Gbogbo ẹjọ́ náà kò ju pé wọ́n ri òpó rọ́bà mọ́ kọ́nà tí o máa ń gbé jíípù gbẹ̀ǹgbẹ̀ rẹ sí ní Hoboken, ní New Jersey. O gbé e lọ sí kọ́nà kejì, wọ́n lẹ tíkẹ́ẹ̀tì mọ́ gíláàsì rẹ. O wá ń bínú. Sí ta ni?

Jẹ́ kí n bi ọ́. Ọmọ kékeré tó dúró lẹ́yìn jíípù yẹn, tó fẹ́ sọdá, báwo ni awakọ̀ tó ń bọ̀ ṣe máa rí i? Ọmọ náà pàápàá kò rí mọ́tò, àfi kó kọ́kọ́ yọrí sí títì. Kí awakọ̀ tó tẹ bírékì, ọ̀rọ̀ ti bẹ́yìn yọ. Ìdí nìyẹn tí òfin New Jersey fi ní kí a má gbé mọ́tò sí ibi tí kò tó ẹsẹ̀ bàtà 25 sí síbírà. Ẹ̀yin oní-jíípù lẹ sọ òfin náà di yẹ̀yẹ́. Òpó kì í bá yín jiyàn; ó kàn gba àyè náà ni.

O ní rọ́bà lásán ni, pé bí mọ́tò bá kọlù ú, á tẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, á tẹ̀, á sì tún nàró. Kò lè dá awakọ̀ tó ti ya wèrè dúró, ìyẹn di ọwọ́ kọnkéré, mo sì fara mọ́ ọn kí wọ́n fi kọnkéré rọ́pò rẹ̀ níbi tí owó bá wà. Ṣùgbọ́n rọ́bà náà ń ṣiṣẹ́. Ó ń fún kọ́nà pọ̀, kí ẹni tó fẹ́ fi eré yà lè rọra. Ó sì ń dín ìrìn ẹni tó ń sọdá kù láàárín títì. Owó rẹ̀ kò pọ̀, nítorí náà kọ́nà púpọ̀ ló lè kàn kíákíá.

Wọn ò fi mọ sórí òpó o. Wọ́n fa eré mọ́tò wálẹ̀ sí máìlì 20 ní wákàtí kan, iná ojú títì sì ń jẹ́ kí ẹlẹ́sẹ̀ kọ́kọ́ gbéra kí mọ́tò tó ṣí. Hoboken yìí, tí ilé ti há mọ́ra wọn létí odò Hudson, lẹ́yìn oṣù kìíní ọdún 2017 títí ọdún 2024 fi wọlé, ìjàm̀bá mọ́tò kò pa ẹyọ ẹnì kan ní títì wọn. Àyè páàkì rẹ ló wá ń dùn ọ́!

San owó tíkẹ́ẹ̀tì yẹn lọ́la, má jẹ̀ẹ́ kó lé. Kí o sì gbé jíípù lọ sí gáréèjì, kí o máa fẹsẹ̀ rìn wálé. Mo rí fọ́tò rẹ níbi ìkómọ ọjọ́sí, ọkọ mi, ikùn yẹn nílò ìrìn náà.